Essex Hemphill ní Abẹ́òkúta: ohùn méjì, ìwé pélébé, àti wàhálà ọ̀rọ̀ náà "ọkọ"

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa mẹ́fà tí a máa ń ka ewì pọ̀ ní Abẹ́òkúta fẹ́ ya ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Essex Hemphill, akéwì aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni, kò sì fi bò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé ẹnì kan yóò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 45, ẹni méjì yóò ka ewì rẹ̀ mẹ́rin ní Yorùbá, ní ohùn méjì bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe é, a ó sì tẹ ìwé pélébé fún àwọn tó bá wá, nǹkan bíi 60. Gbogbo ibi tí a kà ló pè é ní akéwì àti òṣèré, wọ́n á sì kọjá. Bó ṣe ń ṣe eré náà ni a kò rí kà. Ìtumọ̀ tí a ṣe náà kò wọ etí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìwé

Ìṣẹ́jú 45 ti pọ̀ jù, ọmọ mi. Mú un wá sí 25. Kò sẹ́ni tó máa jókòó gbọ́ ìtàn ayé akéwì fún wákàtí kan kó tún ní etí tó máa fi gbọ́ ewì.

Má fi àkókò ṣòfò lórí ìgbà èwe rẹ̀. Chicago ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1957, Washington ló dàgbà sí, ó tán. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1979, nígbà tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Nethula. Láti ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ olóòtú. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ewì ara rẹ̀ jáde ní ìwé pélébé. Earth Life jáde ní 1985, Conditions ní 1986, Be Bop Books sì ni orúkọ tó fi ń tẹ̀ wọ́n. Kò dúró de ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá kankan. Lásìkò kan náà, òun, Wayson Jones àti Larry Duckett kó ara wọn jọ, wọ́n sọ ara wọn ní Cinque, wọ́n ń ké ewì káàkiri Washington. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni Enikalley, ilé kọfí kékeré kan tó wà nínú kọ̀rọ̀. Tọ́jú èyí dáadáa sínú ọ̀rọ̀ rẹ: ibi kékeré ni, àwọn olùgbọ́ sún mọ́ òṣèré, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi dá lórí ohùn dípò aṣọ àti iná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Joseph Beam, ará Philadelphia, tó ṣe olóòtú In the Life ní 1986, àkójọ ìwé tí àwọn ọkùnrin dúdú tó fẹ́ràn ọkùnrin kọ. Beam ti bẹ̀rẹ̀ èkejì nígbà tó kú ní oṣù Kejìlá 1988. Hemphill ló parí rẹ̀. Dorothy Beam, ìyá olóògbé, dúró tì í, ìwé náà sì jáde ní 1991: Brother to Brother. Bí ẹ bá ní ààyè fún ohun kan ṣoṣo, èyí ni kí ẹ sọ. Ọkùnrin kan ya iṣẹ́ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè parí iṣẹ́ òkú, ìyá òkú sì ń bá a ṣe é.

Ceremonies, ìwé tirẹ̀ gan-an, ewì àti àròkọ, jáde ní 1992. Ó gba owó ìrànwọ́ Pew ní 1993. Ó kú ní ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá, 1995, ẹni ọdún 38. Àrùn éèdì ló mú Beam, òun ló mú Marlon Riggs tó ń ṣe fíìmù ní 1994, òun náà ló mú Hemphill. Saquinavir, àkọ́kọ́ nínú àwọn oògùn tó wá yí ìtọ́jú àrùn náà padà, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá 1995, kò tíì pé oṣù kan àti ààbọ̀ tí wọ́n sin ín.

Ọmọ Panṣẹ́kẹ

Bàbá, ẹ ò dárúkọ fíìmù rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, Tongues Untied. Òun ló ṣe é ní 1989.

Bàbá Ìwé

Rárá o. Marlon Riggs ló darí Tongues Untied. Ewì Hemphill àti ohùn rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ewì rẹ̀ tún wà nínú Looking for Langston, fíìmù tí Isaac Julien ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nítorí pé ohùn rẹ̀ ló máa ń dúró síni létí bí fíìmù bá tán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Tongues Untied jáde lórí PBS, tẹlifíṣọ̀n gbogboogbò ibẹ̀, ní 1991, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kọ̀ ọ́. Ní 1992, Pat Buchanan, tó ń du ipò ààrẹ, gé díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìpolówó ìbò láti fi bú ààrẹ tó wà nípò pé owó ìjọba ló ṣe é.

Ajígbọ́tifá

Ṣé ewì Yorùbá ti wá tán ní Abẹ́òkúta tí ẹ fi ń lọ yá ti Amẹ́ríkà, irú èyí gan-an?

Alohùn Ìtòkò

Kò tán. Ẹ dá okùn ọ̀rọ̀ tiyín sílẹ̀ fún un, a ó wá síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkè, ọ̀rọ̀ ohùn méjì. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ sọ ọ́ di ègè, ewì alohùn àwa Ẹ̀gbá. Nínú ègè, ẹni tó ń dá a á sọ tirẹ̀ tán, àwọn elégbè á wá gbè é. Ọ̀rọ̀ kì í gorí ọ̀rọ̀. Ohùn méjì tí Hemphill àti Jones ń lò yàtọ̀: ohùn kejì máa ń wọlé kí àkọ́kọ́ tó jáde, á gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mú, á máa tún un sọ bí ìlù títí àkọ́kọ́ yóò fi padà wá bá a. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ Tongues Untied, níbi tí gbólóhùn kan ṣoṣo ti ń gorí ara rẹ̀ láti ẹnu oríṣiríṣi ènìyàn. Ẹ fi etí sí i, ẹ má wo àwòrán.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ fún wa ni àmì ohùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè fara da kí ohùn méjì máa gorí ara wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí padà bí ohùn bá lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ohùn rẹ̀ tinrin bá sọ "ìgbà" lórí "igbá" tí ẹni tí ohùn rẹ̀ wúwo ń sọ lọ́wọ́, àmì ìsàlẹ̀ ti ẹni àkọ́kọ́ lè ga tó àmì òkè ti èkejì. Olùgbọ́ ò ní gbọ́ ìgbà, kò ní gbọ́ igbá, ariwo ni yóò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ìtumọ̀ yín kò fi wọ etí, bí ẹ bá ti ń dán an wò ní ohùn méjì.

Ọgbọ́n tó wà fún un: ọ̀rọ̀ tí olùgbọ́ ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kedere ni kí ẹ jẹ́ kó gorí ara rẹ̀. Ohùn A á sọ gbólóhùn náà ní òun nìkan, ohùn B á wá gba ìparí rẹ̀. Báyìí:

A: Mo kan ìlẹ̀kùn, ẹ ò dáhùn.
B: . . . . . . . . . . . . . . ẹ ò dáhùn, ẹ ò dáhùn,
A: . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . mo ní èmi ni.
B: ẹ ò dáhùn.
A àti B: Ọmọ yín ni.

Ẹ kíyè sí i pé "mo ní èmi ni" ń gorí ọ̀rọ̀ tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà "èmi ni" ló máa yọ. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun méjì pàdé, méjèèjì ti sọnù.

Ẹ kọ ọ́ sí òpó méjì lórí bébà kan náà, A lápá òsì, B lápá ọ̀tún, lẹ́tà rẹ̀ kó tó 14 tàbí 16, ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má fi pín dì í, nítorí ṣíṣí bébà máa ń dún gbàrà nínú máìkì. Ẹ tò ó sílẹ̀ kí ẹ máa rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fa ìlà kékeré síbi tí ẹ ó ti mí. Bí A àti B bá mí lẹ́ẹ̀kan náà, ihò á yọ láàárín ewì, gbogbo ènìyàn á sì gbọ́ ọ. Máìkì méjì ni, ẹ má pín ọ̀kan lò. Kí ó jìnnà sẹ́nu tó ìbú ọwọ́ kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ sì yí i díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ "f" àti "b" má baà lù ú gbì gbì. Sípíkà gbọ́dọ̀ wà níwájú àwọn tó ń kà, kó kọjú sí olùgbọ́. Bí ó bá wà lẹ́yìn wọn, á máa hu. Rìhásà mẹ́jọ fún ewì mẹ́rin kò pọ̀. Méjì àkọ́kọ́, ẹ kà á láìgorí ara yín rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkè

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. A ti ń jẹ́ kí gbogbo ìlà gorí ara wọn, ìyẹn ló fà á. Ìtumọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan nínú wa ní kí a fi "ó" sí gbogbo ibi tí akéwì bá ti dárúkọ olólùfẹ́ rẹ̀, kó má baà di wàhálà.

Ògbufọ̀ Ìbarà

Ẹni yẹn mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ewì náà ti kú. "Ó" tiwa kò ní akọ, kò ní abo. Bí ọkùnrin bá sọ pé "mo fẹ́ràn rẹ̀, ó lọ", gbogbo gbọ̀ngàn á gbà pé obìnrin ló lọ. Ohun tí Hemphill ṣe tán lórí ìwé ni pé ó dárúkọ ẹni tó fẹ́ràn ní ojú gbogbo ayé. Bí èdè wa bá fi í pa mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò tú ewì rẹ̀, ẹ bò ó ni. Ẹ fi "ọkùnrin" sí i lẹ́ẹ̀kan, ní kùtùkùtù ewì. Lẹ́yìn ìyẹn, "ó" á máa tọ́ka sí i fúnra rẹ̀. Ẹ má tún un sọ ní gbogbo ìlà, á dà bí ẹni ń jẹ́jọ̀ọ́.

Wàhálà kejì ni "brother". Lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó bí i léèrè ta ló dàgbà jù. Tiwa á bèèrè dandan: ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? Bí ẹ bá ti mú ọ̀kan, ẹ ti fi ọ̀kan sórí ẹnì kejì, ẹni kan ń dọ̀bálẹ̀, ìbádọ́gba tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ti lọ. "Arákùnrin" wà, ṣùgbọ́n ó ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ó kàn gbọ́ ìwàásù ni. "Ọmọ ìyá" ló sún mọ́ ọn jù lójú tèmi. Kò sọ àgbà, kò sọ èwe, ó sì ní ìfẹ́ nínú ju "ọmọ bàbá" lọ, gbogbo ilé olórogún ló mọ ìyàtọ̀ yẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ pé ọkùnrin ni, nítorí náà ẹ ti gbọ́dọ̀ ti sọ ìyẹn ṣáájú.

Ẹ̀kẹta ni "ọkọ". Ẹ má sá fún un. Nínú agboolé wa, ọkọ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ìyàwó nìkan. Gbogbo ọmọ ilé, títí kan àwọn tó jẹ́ obìnrin nínú wọn, ni ọkọ fún ìyàwó ilé; ìyàwó á máa pe ọmọbìnrin kékeré ní "ọkọ mi" láìsí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò sọ pé ìyẹn jọ ohun tí Hemphill ń sọ, kò jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ààyè nínú tí "husband" kò ní, akéwì sì lè lò ó. Bí ọkùnrin bá dúró lórí ìtàgé tó pe ọkùnrin ní "ọkọ mi", àwọn kan á rẹ́rìn-ín, nítorí pé etí ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ fi iṣẹ́ sí.

Ní ti orúkọ tí ẹ ó pè é nínú ọ̀rọ̀ ìfáárà, "ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin" tó. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò lórí rédíò, èébú ni púpọ̀ nínú wọn.

Ọmọ Panṣẹ́kẹ

"Ọmọ ìyá" ń gùn jù fún ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ yára o. Sílébù mẹ́rin dípò méjì.

Ògbufọ̀ Ìbarà

Kò sẹ́ni tó ń pè é ní mẹ́rin lẹ́nu. "Ọmọyá" ni, mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń pè é.

Atẹ̀wé Láfẹ́ńwá

Mo fẹ́ sọ ti ìwé pélébé. Ìlú yìí kan náà ni Ìwé Ìròyìn ti jáde ní 1859, kò yẹ kí ìwé olójú 24 ṣòro fún wa.

Bébà A4 tí ẹ ká sí méjì á fún yín ní ojú 4, nítorí náà iye ojú ìwé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí 4. Ojú 24 jẹ́ bébà 6 fún ẹ̀dà kan. Ẹ̀dà 60 jẹ́ bébà 360; ẹ fi 30 kún un fún èyí tó máa bàjẹ́, rìímù kan tó yín, á tún ṣẹ́ kù. Gíráàmù 80 fún inú, páálí gíráàmù 200 tàbí 250 fún èèpo. Ojú 1 àti ojú 24 ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bébà, 2 àti 23 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣáà ro àwọn méjì tó bá wà papọ̀. Bí kò bá jẹ́ 25, ẹ ti ṣì í tò. Kí ẹ sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kó yí i lórí etí kúkúrú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn á dorí kodò. Pín sítépúlà méjì ní ojú ibi tí a ká, kì í ṣe mẹ́ta. Ẹ fi mìlímítà 15 sílẹ̀ lápá inú, kí ìka tó mú ìwé má bo ọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ba ìwé Yorùbá jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni fọ́ǹtì. Lẹ́tà bíi "ẹ́" kì í ṣe ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. E tó ní ẹsẹ̀ ni, àmì wá jókòó lé e. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ̀ ọ́n gbé, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó di àpótí òfìfo. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif gbé e dáadáa. Ẹ má fi fáìlì Word ránṣẹ́ sí atẹ̀wé láéláé. Á ṣí i nínú CorelDRAW, fọ́ǹtì á yí padà, kò sì ní sọ fún yín nítorí kò ní ka ewì yín. PDF ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ kọ ìlà kan sí òkè ojú àkọ́kọ́: ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ. Kó tẹ ẹyọ bébà kan ní ojú yín. Bí ìlà yẹn bá pé, kó máa bá a lọ, ẹ ó wá pa ìlà náà rẹ́.

Ọ̀jẹ̀ Òfin

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun o. Hemphill kú ní 1995. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wa ti 2022 fún òǹkọ̀wé ní ọdún 70 lẹ́yìn ikú, nítorí náà títí ìparí 2065 ni. Ìtumọ̀ wà lára ẹ̀tọ́ náà, kíké e ní gbangba wà lára rẹ̀, pé ẹ ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì yọ yín. Ẹ lè fa ìlà díẹ̀ yọ láti fi ṣàlàyé, kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Odidi ewì mẹ́rin kì í ṣe ìlà díẹ̀.

Fíìmù tí Bàbá Ìwé dárúkọ, Looking for Langston, ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Àwọn tó ń bójú tó ogún Langston Hughes, akéwì tí fíìmù náà dá lé lórí, kò fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe lo ewì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù ní New York, ńṣe ni wọ́n ń pa ohùn mọ́lẹ̀ bí ó bá kan ewì Hughes. Ewì Hemphill ń dún ketekete nínú fíìmù kan náà.

New Directions ló tẹ àṣàyàn ewì rẹ̀, Love Is a Dangerous Word, ní 2025. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ dárúkọ ewì kọ̀ọ̀kan, iye ìlà rẹ̀, èdè tí ẹ fẹ́ tú u sí, iye ẹ̀dà, pé ọ̀fẹ́ ni, ibi àti ọjọ́. Lẹ́tà tó bá kàn sọ pé "a fẹ́ lo ewì yín" kì í rí èsì. Ẹ fi oṣù mẹ́ta sílẹ̀ ó kéré tán.

Òfin kejì, ẹ kò dárúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014, tó de ìgbéyàwó akọ-sí-akọ, kò dúró lórí ìgbéyàwó nìkan, tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ó fi ọdún 10 sórí ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú wọn sílẹ̀ tàbí tó ṣètìlẹ́yìn fún ìpàdé wọn. Kò dárúkọ kíka ewì tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe yín níbi lè na ọwọ́ jìnnà. Kí ìwé ìpè yín sọ ohun tó jẹ́: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò ka ètò náà kí ẹ tó san owó gbọ̀ngàn. Ẹ má sì ya fọ́tò àwọn tó wá jókòó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkè

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin àgbà. A ti jókòó lé e lórí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ di ìṣẹ́jú 25. A ó kọ lẹ́tà sí New Directions lọ́sẹ̀ yìí, a sì ti sún ọjọ́ síwájú. Bí àṣẹ kò bá tètè dé, ewì tiwa tí a kọ láti fi dá a lóhùn ni a ó ké ní ohùn méjì, a ó fa ìlà díẹ̀ péré yọ nínú tirẹ̀. Ẹ bá wa wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

A: Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.
B: . . . . . . . . . . . . . . . . . . lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́nu ọ̀nà,
A: . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . ọkọ̀ mi ni.
A àti B: Ọmọyá, wọlé.

Alohùn Ìtòkò

Ó ti ń dún. Kí B dákẹ́ pátápátá kí ẹ tó jọ sọ "Ọmọyá". Ẹ ka ení, èjì lọ́kàn, kí ẹ tó wọ ọ́.

Ògbufọ̀ Ìbarà

Ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò lórí ìlà kẹta kí Atẹ̀wé Láfẹ́ńwá tó rí i. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn, mọ́tò ló wà lẹ́nu ọ̀nà.